Ihò Mẹ́rìnlélógójì tí Mo Dí Lára Ilé Rẹ

Ilé rẹ,
Oregbeni, Ìlú Bìní.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2009.

Gbéminíyì ọmọ mi, Àwẹ̀ró ọmọ Ògúnwálé,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdánwò, mo kí ọ kú ìfaradà oúnjẹ Àbújá tí o ní kò ní ata. Ṣé ara le? Ṣé o ń sùn? Ṣé o ń fi nǹkan bo ẹsẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ yín, èyí tí o ní ó tutù bíi inú fìríìjì? Ọlọ́run tó mú ọ lọ ní yóò mú ọ bọ̀, ojú kò ní ti èmi tí mo ń dúró dè ọ́. Èmi náà wà dáadáa, àfi orúnkún ọ̀tún tí ó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, àti ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ fún ọ tí n kò fẹ́ sọ lórí fóònù. Lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn kan ìwọ á ti sọ mẹ́ta, wàá sì ti máa pariwo Màámi, Màámi, kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Nítorí náà, bí o bá wà ní ìdúró, jókòó. Má sì fo ojú ìwé kankan láti lọ wo ìparí, mo mọ̀ ọ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí n kọ́kọ́ sọ. Má kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ yẹn. Ní ọjọ́ Àìkú tí o pè mí, ohùn rẹ gbẹ, o ní ilé náà ti já ọ kulẹ̀, pé ó gbóná ju ilé tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ láìlọ sí yunifásítì, pé o fẹ́ kọ̀wé sí àwọn tó ní kí o ya ogún ilé fún òṣìṣẹ́ wọn, pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá wo èyí ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, bí o bá ti kọ ọ́, fà á ya. Bí o bá ti fi ránṣẹ́, sáré tẹ̀lé e. Ilé rẹ kò ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀.

Ó yá, mí sínú, mí síta. Jẹ́ kí n fi ìròyìn ilé tù ọ́ nínú ná. Adìẹ tí mo gbé wá láti abúlé ti pa ọmọ méje sábẹ́ táńkì omi, ọ̀kan ń tiro ṣùgbọ́n òun ló ń jẹun jù. Ìbẹ́pẹ tí o gbìn sí apá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí ti ga jù mí lọ, mo sì ti ká méjì jẹ, má bínú. Màmá Osaro, aládùúgbò wa tí ilé rẹ̀ ní gíláàsì dúdú yíká, ní kí n kí ọ. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣì ń ké láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́, bí a bá fẹ́ kí ara wa lórí fẹ́ǹsì, ọwọ́ la máa ń jù, a kì í lanu.

Ṣé o ti fara balẹ̀ báyìí? Ó dáa.

O rántí pé nígbà tí o mú mi wá síbí ní oṣù Kọkànlá, n kò sọ̀rọ̀ nípa ilé rẹ. Mo ní ó dára, mo gbàdúrà, mo jẹun. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, Gbéminíyì, mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n. Gbogbo ilé tó wà ní òpópónà yìí ló kọjú sí títì bí ọmọlúàbí, tìrẹ nìkan ló kọ ẹ̀gbẹ́ sí i bí ẹni tí òun àti títì ń jà. O ní nítorí oòrùn ni, pé o kò fẹ́ kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ rí ibi gbòòrò mú lára ògiri. Mo ní ó dáa. Nínú ọkàn mi mo ní, ta ló ń kọ́lé nítorí oòrùn? Àwọn èèyàn tó ń kọjá ni wọ́n á wá kí wa bí nǹkan bá ṣe wá, oòrùn kò ní wá. Òrùlé rẹ yọ síta bí fìlà tó tóbi ju orí lọ. Fèrèsé kan wà nínú pálọ̀, èkejì sì kọjú sí i gan-an ní òdìkejì, tó fi jẹ́ pé bí mo bá sọ̀rọ̀ àṣírí nínú pálọ̀, ọ̀rọ̀ náà á gba fèrèsé ẹ̀yìn jáde lọ bá Màmá Osaro. Ilé ìdáná rẹ, ẹ̀yìn ilé lo gbé e sí, bí ẹni tó fẹ́ kí ọbẹ̀ rin ìrìn àjò. Gbogbo èyí, mo fi ara dà á.

Ṣùgbọ́n ihò!

Lókè ògiri, lábẹ́ òrùlé, níwájú àti lẹ́yìn, níbi tí ó yẹ kí búlọ́ọ̀kù wà, ihò ló wà. Mo kà wọ́n. Mẹ́rìnlélógójì. Èyí tó kéré jù nínú wọn gba ọwọ́ mi méjèèjì. Màmá Osaro ló kọ́kọ́ bi mí, ó ní Mama, ṣé owó ló tán ni? Mo ní rárá o, mo sì wọlé lọ jókòó. Ó yé mi lọ́jọ́ náà. Ó yé mi pé Èṣùbíyì ti ta búlọ́ọ̀kù rẹ. Èṣùbíyì tó jẹ́ bíríkìlà rẹ, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ, tó jẹ iyán mi fún ọdún márùn-ún, òun ló fi ojú rẹ gbo ilẹ̀ báyìí! Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀, n kò fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́, mo dákẹ́.

Ìgbà tí o wá lọ sí Àbújá ní oṣù Kìíní, mo ń wá aṣọ ìbora nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ, mo bá rí àwòrán ilé yìí tí o ká. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ mi, ọfà! Ọfà pupa ló kún ara rẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ láti iwájú, wọ́n gba fèrèsé wọlé, wọ́n gba àárín pálọ̀, wọ́n gba yàrá tí mo ń sùn, gẹ́lẹ́ ibi tí orí mi máa ń wà, wọ́n wá gòkè, wọ́n gba àwọn ihò yẹn jáde. Oòrùn kan wà ní igun bébà náà tí wọ́n ya ojú rẹ̀ bí ẹni tí inú ń bí. N kò lè ka ìwé tó wà lára rẹ̀, ó kéré bí èèrà, mo sì ti gbàgbé awò ojú mi sí abúlé. Ṣùgbọ́n ọfà kò nílò awò. Mo ní ẹnìkan ní ibi iṣẹ́ rẹ tó ń jowú rẹ ló yà á.

Mo ká a, mo gbé e lọ sí ìpàdé àwa ọmọ Ọ̀wọ̀ tó wà ní Bìní. Àlàájì Babájídé, alága wa, yí bébà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ìka tọ àwọn ọfà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun kò rí aburú níbẹ̀, ó ní ọfà tó wọlé tó sì jáde kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, èyí tó wọlé tí kò rọ́nà jáde ni kí èèyàn máa bẹ̀rù. Mo ní Àlàájì, àdúrà ni mo wá gbà, n kò wá fún àlàyé. Ó bá fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ yí i ká, ó gbàdúrà tirẹ̀. Ìyá Díákónì náà ní àwa onígbàgbọ́ kò gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, ó da odidi ìgò òróró sí i. Nígbà tí a ṣe tán, àwòrán rẹ ń kán tótó bí àkàrà. Mo wé e sínú ọ̀rá, mo gbé e padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mọ ohun tí ò ń sọ báyìí. Dákẹ́, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni mo ránṣẹ́ pe Èṣùbíyì. Mo na ìka sí àwọn ihò, mo ní kí ó dá búlọ́ọ̀kù ọmọ ọlọ́mọ padà sáyè wọn. Ó wò mí. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun báyìí, o kò lè mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ tàbí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Màmá, ṣé Gbéminíyì mọ̀ sí i? Mo ní ẹ̀bùn ni mo fẹ́ fi ṣe fún un, kí ó dé kó bá ilé tó pé. Ó ní Màmá, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi máa ń sọ pé... Mo ní má dárúkọ ọ̀gá rẹ fún mi, ọ̀gá rẹ ti lọ sinmi, jẹ́ kí èmi náà sinmi. Ó kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní ó dáa, ẹ̀yin lẹ ni ilé, ẹ̀yin náà lẹ máa ni ooru inú rẹ̀. Mo rò pé àdúrà ni. Mo ní àmín.

Ó ní sìmẹ́ńtì wọ́n, ó fi amọ̀ dí wọn. Mo bá a jà pé amọ̀ kì í ṣe nǹkan gidi, ó ní amọ̀ á ṣe é. Ìgbà tó parí, mo rí i pé ilé ti dákẹ́. Mo wá ní kí òun àti ọmọ Màmá Osaro gbé kọ́bọ́ọ̀dù ńlá sí ojú fèrèsé ẹ̀yìn, kí ọ̀rọ̀ mi lè máa gbé inú ilé. Mo jókòó, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ilé ọmọ mi ti di ilé.

Báyìí ni a ṣe dé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Ohun funfun kékeré tí o kàn mọ́ ògiri, tí o ní kí n máa wò ní agogo méjì ọ̀sán lójoojúmọ́, kí n kọ iye tó bá sọ sínú ìwé, mo ṣe é bí o ṣe wí. N kò fo ọjọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, méjìdínlọ́gbọ̀n, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, méjìdínlọ́gbọ̀n. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún! Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé Modern, ẹni tó bá gba méjìdínlọ́gbọ̀n, bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Mo ní bí ọmọ mi ṣe gbọ́n tó yìí, ilé tó kọ́ kò mọ̀wé. N kò sọ fún ọ, n kò fẹ́ kí o rẹ̀wẹ̀sì. Ìgbà tí mo wá dí ihò, kò pé ọjọ́ mẹ́ta, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ kan ó gba márùndínlógójì, mo fi báírò pupa fà á nídìí. Mo kọ Ìlọsíwájú sí òkè ojú ìwé náà. Mo gbé fóònù, mo pè ọ́, mo ní Gbéminíyì, ilé wa ti ń ṣe dáadáa o, ó ti gba márùndínlógójì, bí ó bá ń bá a lọ báyìí ó máa yege. O dákẹ́. Mo rò pé ayọ̀ ló mú ọ dákẹ́.

Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò gbádùn. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbóná ní abúlé lẹ́yìn tí bàbá rẹ kú. O rántí. O rántí bí òógùn ṣe máa ń bò mí tí oorun kì í wá, tí o gbé mi lọ sí ọsibítù, tí dókítà fi ohun tó ń fún èèyàn lápá wọn ẹ̀jẹ̀ mi, tó ní kò sí nǹkan kan, ọ̀fọ̀ ni, ó máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ìdí tí o fi mú mi wá sí Bìní nìyẹn. Mo sì dé Bìní, mo sùn. Oṣù méjì gbáko ni mo fi sùn bí ọmọ ọwọ́. Mo ti gbà pé ọ̀fọ̀ ti fi mí sílẹ̀, mo tilẹ̀ ń bá ara mi wí pé ó yá jù. Àfi bí ó ṣe padà dé lójijì. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara mi, mo ní Ògúnwálé, ta ló fún ọ ní àdírẹ́sì Oregbeni? Mo bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo ní bí o bá fẹ́ rí mi, wá ní jẹ́jẹ́, má wá bí ààrò. Kò dáhùn. Nígbà ayé rẹ̀ náà, kì í dáhùn bí ó bá mọ̀ pé òun ló jàre.

Ní ọjọ́ Àìkú tí o pè mí tí ohùn rẹ gbẹ, n kò lóye ohun tí ò ń sọ. Mo kàn gbọ́ pé ilé gbóná, pé o máa pàdánù iṣẹ́ ogún ilé. Mo ní kí n lọ wá nǹkan ṣe sí i. Ní ọjọ́ kejì mo lọ ra iṣu ní ọjà Ekiosa, mo bá yà sí ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ amúlétutù. Ọkùnrin náà bi mí pé ẹṣin mélòó ni mo fẹ́, ṣé ẹṣin kan ni àbí ẹṣin kan ààbọ̀. Mo ní n kò ní ibi tí n ó so ẹṣin mọ́, àti pé kí ni wọ́n fi ààbọ̀ kejì ṣe? Ó ní Màmá, agbára rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n bẹ́ẹ̀, iná ló ń lò. Mo ní bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́? Ó ní ẹ máa tan jẹnẹrétọ̀. Mo ní bí kò bá sí epo bẹntiróòlù ńkọ́? Ó wo ojú mi, òun náà ń làágùn, ó ní Màmá, ẹ ṣí fèrèsé.

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi délé. Mo wo fèrèsé. Kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, òróró ti ń yọ́ bọ́ sórí aṣọ rẹ, èyí tó ní àwọ̀ ewé, n ó fọ̀ ọ́. Mo yọ àwòrán náà jáde, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀hìnkùlé kí ó gbẹ, mo fi òkúta mẹ́rin tẹ̀ ẹ́. Awò ojú mi ti dé láti abúlé nígbà yẹn, àwọn tó wá sí ìpàdé ló bá mi mú un bọ̀. Mo ní kí n wo ibi tí òróró bà jẹ́ kí n lè mọ bí n ó ṣe bẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, nọ́ńbà ni, Gẹ̀ẹ́sì ni, nọ́ńbà ni. Ní ibi àwọn ihò, mo rí ọ̀rọ̀ méjì tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ rẹ ló sì kọ ọ́, mo mọ bí o ṣe máa ń tẹ ẹsẹ̀ lẹ́tà rẹ. O kọ "imú ilé".

Gbéminíyì, orúnkún mi kò dún rárá nígbà tí mo jókòó sílẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ ń kọ́ ilé wa, ilé amọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn tó igbọ̀nwọ́ kan, ó dá irú ihò yìí sí lókè ògiri yíká, ó ní imú ilé ni, pé atẹ́gùn tútù á wọlé nísàlẹ̀, ooru á gba imú jáde. Mo ní ẹyẹ ńkọ́? Mo ní ọmọńlé ńkọ́? Ní ọjọ́ tí àwọn àna wa kọ́kọ́ wá kí wa, ọmọńlé kan já láti ihò bọ́ sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, bàbá rẹ ní kí wọ́n má bínú, ó ní ìyàwó òun ló fẹ́ kí ẹran pọ̀. N kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la fi jẹ́ tọkọtaya, ìjà méjì péré la jà tí kò tán: ti ihò, àti ti ilé ìdáná tí ó gbé sẹ́yìn ilé ní ogún ìṣísẹ̀, tí òjò fi máa ń pa èmi àti ọbẹ̀ pọ̀. Ìwọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà tí o ń bi í pé ibo ni atẹ́gùn ń lọ, ó gbé ọ lé èjìká, ó ní kí o na ọwọ́ sí ihò kí o fi ọwọ́ kan ooru bí ó ti ń jáde lọ. Mo rò pé o ti gbàgbé. O kò gbàgbé. Ilé bàbá rẹ lo lọ kọ́ sí Oregbeni, tí o fi búlọ́ọ̀kù àti páànù bò ó lójú mi, tí n kò fi mọ̀ pé ihò kan náà ni.

Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe ní ogójì ọjọ́ tí ó kú? Mo ní kí wọ́n dí àwọn ihò abúlé. Gbogbo wọn. Mo ní ìjà ti tán, mo ti borí. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ooru bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní ọ̀fọ̀ ni, ìwọ náà ní ọ̀fọ̀ ni, èmi náà gbà. Ọ̀fọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, n kò ní purọ́ fún ọ, ó ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ jẹ́ ihò tí mo dí.

Mo pe Èṣùbíyì padà ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti mú irin àti agbọ̀n dání kí n tó sọ̀rọ̀. Kó tó di ọ̀sán ó ti gbá gbogbo amọ̀ náà jáde, ó ń já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ̀kọ. Mo ní Èṣùbíyì, o mọ̀ pé mo máa pè ọ́ padà, ìdí tí o fi lo amọ̀ nìyẹn. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní Màmá, ọ̀gá mi ló sọ fún mi. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ tí òun bá kú, Adébùkọ́lá ìyàwó òun máa ní kí o wá dí àwọn imú yìí, má bá a jiyàn, dí wọn, ṣùgbọ́n má fi sìmẹ́ńtì dí i, nítorí ó máa pè ọ́ padà. Èṣùbíyì ní amọ̀ náà ni òun fi dí ti abúlé.

Mo wọlé lọ. Mo ní mò ń wá nǹkan.

A ti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lójú fèrèsé. Gbéminíyì, atẹ́gùn wọlé bí àlejò tó ti ń kan ilẹ̀kùn láti ọjọ́ pípẹ́. Kọ́tìnì dìde. Ní agogo méjì, Èṣùbíyì tẹ̀lé mi lọ wo nọ́ńbà, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ọgbọ̀n. Mo fi ọwọ́ lérí, mo ní a ti fìdí rẹmi. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe máàkì, ooru ló ń wọ̀n, pé bí ó bá ṣe kéré sí ni ilé ṣe dára sí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí agbọ̀n rẹ̀. Ní àná ó jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Lónìí, tí gbogbo Oregbeni ń ké ooru, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà ni. Màmá Osaro, tí epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ti gbé àpótí rẹ̀ wá sínú pálọ̀ wa láti àárọ̀. Ó wo òkè, ó wo ihò, ó ní Mama, who do this thing for una? Mo ní ọkọ mi ni. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rí i mú.

Ìwé nọ́ńbà náà ló wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, awakọ̀ ìjọ wa tó ń lọ sí Àbújá lọ́la ló máa fi lé ọ lọ́wọ́. Fi han àwọn ìgbìmọ̀ yẹn. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ìgbà tí imú wà ní ṣíṣí. Ojú ìwé kejì, tí mo kọ Ìlọsíwájú sí, ni ìgbà tí mo dí i. Ojú ìwé kẹta ni láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èṣùbíyì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé ilé kan náà, pẹ̀lú imú àti láìsí imú, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń náwó lé lórí nìyẹn. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dé tí wọ́n fi dí i, sọ fún wọn pé ìwọ lo rán mi. Irọ́ kékeré ni, mo ti tọrọ àforíjì rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n wá ní ọjọ́ Ẹtì. N ó se ìrẹsì, n ó sì wọ bàtà.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, má fajú ro. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ fún Èṣùbíyì kí ó lọ ṣí àwọn imú ti abúlé, ó ní òun kò ní gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa jẹun, o sì mọ bí ó ṣe ń jẹun. Fi owó ìgò òróró kan ránṣẹ́ fún Ìyá Díákónì, ó ti mẹ́nu bà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá kù, fi ra okùn awò ojú fún mi, kí n lè máa gbé e kọ́rùn. Bí o bá dé, bá mi lọ sí abúlé, mo fẹ́ sùn nínú ilé mi kí n wò ó.

Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ ogún ilé náà tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Inú ilé tí o bá kọ́ fún ẹlòmíràn kò ní gbóná, tìrẹ náà kò ní gbóná. O kò ní pàdánù ohun tí o kọ́ láti èjìká bàbá rẹ. Ọmọ tìrẹ náà á jókòó sórí èjìká tó lágbára. Àmín.

Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ní bàbá rẹ ló jàre, pàápàá Èṣùbíyì. Èmi fúnra mi ni n ó lọ sọ fún un níbi ojú oórì rẹ̀, ní jẹ́jẹ́, n kò ní pariwo ẹ̀. Ti ihò nìkan sì ni o. Mo rí i pé o kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná lórí àwòrán náà, Yorùbá ni òun náà. Mo bọ́ awò ojú mi kí n má baà kà á. Bí ó bá jẹ́ pé nípa ti ilé ìdáná náà òun ló jàre, má sọ fún mi, ọmọ mi. Jẹ́ kí ó ku ọ̀kan tí n ó máa bá a jà lé lórí.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò ní dí nǹkan kan mọ́,
Adébùkọ́lá Ògúnwálé.